Agbègbè Ìdìbò Tí Wọ́n Pa Rẹ́: Ìtàn Higgins ní Ìlú Melbourne

 

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sí ìpàdé tó kọjá mọ bí ariwo ṣe ta nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ìlà. Àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé ọdún tí wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ wa sí méjì, tí ìlà gba àárín ọjà kọjá. Aláta bọ́ sí apá kan, ẹlẹ́lùbọ́ bọ́ sí apá kejì, àwa tí ìsọ̀ wa wà lójú ìlà gan-an ń ja tíkẹ́ẹ̀tì méjì lójúmọ́. Ti ìhín dé láàárọ̀, ti ọ̀hún dé lọ́sàn-án. Nígbà tí gọ́tà wá dí, ìhín ní ti ọ̀hún ni, ọ̀hún ní ti ìhín ni. Òjò ọdún náà gbé gàrí wa lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan kí wọ́n tó fa ìlà yẹn. Ìyá kan wá dìde ní ìpàdé, wọ́n ní: "Akọ̀wé, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo láyé rèé?" A ní a ó wádìí. A ti wádìí, ohun tí a rí nìyí. Ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀, Ọsirélíà ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Victoria, ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Melbourne. Odò Yarra ló là á kọjá. Ní ìsàlẹ̀ odò náà, bí èèyàn bá ń ti àárín ìlú jáde bọ̀ sápá ìlà-oòrùn, àwọn àdúgbò kan wà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìsọ̀: South Yarra, Prahran, Toorak, Armadale, Malvern, Glen Iris, títí dé Carnegie àti Murrumbeena. Àwọn wọ̀nyí ló wà nínú agbègbè ìdìbò Higgins nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọdún 1949 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí èrò pọ̀ sí i lẹ́yìn ogun Hitler, tí wọ́n sì fi púpọ̀ kún ìjókòó ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn. Láti ìgbà náà, ìlà rẹ̀ ń sún síwá sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni inú rẹ̀ wà. Toorak ni ti àwọn olówó. Bí a bá ń sọ Ìkòyí níbí, ẹ máa fi Toorak sọ́kàn lọ́hùn-ún. Prahran àti Windsor ní tiwọn jẹ́ ibi ilé kéékèèké, ṣọ́ọ̀bù àti àwọn òṣìṣẹ́. Ọjà sì wà níbẹ̀ o! Ọjà Prahran, ní Commercial Road, láti 1864 ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹran, ẹja, èso, ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ títí di òní. Ìdí rèé tí a fi yan Higgins nínú gbogbo agbègbè tí wọ́n ti pa rẹ́. Ọjà wà nínú rẹ̀ bíi tiwa.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀ ńkọ́? Adájọ́ ni, Henry Bournes Higgins, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1851, tó wá ṣe ilé ayé rẹ̀ ní Melbourne. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin wà nínú rẹ̀. Ní 1907 ẹjọ́ kan dé iwájú rẹ̀. Òfin kan wà nígbà náà pé ilé iṣẹ́ tó bá ń san owó tó tọ́ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní san irú owó-orí kan. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ Sunshine, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ ìkórè, ní òun ń san owó tó tọ́. Adájọ́ ní, èwo ni owó tó tọ́? Kò lọ bi àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan. Ó gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ìyàwó wọn: èló ni owó ilé, èló ni búrẹ́dì, èló ni ẹran, èló ni igi ìdáná. Ẹ ò rí i pé ìṣirò tí àwa ń ṣe lójoojúmọ́ kí a tó ka owó oúnjẹ lé ọmọ lọ́wọ́ ló wọ ilé ẹjọ́ lọ yẹn. Nígbà tó ṣe é tán, ó ní ṣílè méje lójúmọ́ ni owó tó kéré jù tí ọkùnrin tí kò kọ́ṣẹ́ lè gbà, kí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta lè jẹun bí ọmọ èèyàn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé òfin náà ní 1908, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ṣílè méje yẹn kò kú. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé owó oṣù lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A kò ní fi ibi tó kù pamọ́ fún yín. Ní 1912 ẹjọ́ àwọn tó ń ká èso dé ọ̀dọ̀ adájọ́ kan náà. Ó ní obìnrin tó bá ń ká èso pẹ̀lú ọkùnrin, owó kan náà ni kí wọ́n san fún wọn, kí àwọn ọ̀gá má baà lé ọkùnrin lọ nítorí pé owó obìnrin rọjú. Àwọn obìnrin tó ń di èso sínú páálí ńkọ́? Ó ní iṣẹ́ obìnrin nìyẹn, kí wọ́n gba èyí tó kéré. Òun tó gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ìyá ní ọdún márùn-ún ṣáájú! Ẹ̀yin opó tẹ́ ẹ ń dá ọmọ tọ́ nínú ọjà yìí, ẹ bá wa dá sí i.

Adájọ́ Higgins kú ní 1929. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ agbègbè ìdìbò yìí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Higgins rán lọ sí Canberra ni Harold Holt, ẹgbẹ́ Liberal. Ó di mínísítà fún àwọn tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé, ó tún di mínísítà fún ètò ìṣúná ní 1958. Àkókò tirẹ̀ ni wọ́n ń múra láti pa pọ́nùn àti ṣílè tì, bí àwa náà ṣe ṣe ní January 1973 tí a gba náírà. (Àwọn tó ti ń tajà nígbà náà rántí bí a ṣe ń fi ọmọ ìka ṣe ìyípadà owó níwájú oníbàárà.) Holt kéde ní 1963 pé "royal" ni wọn yóò máa pe owó tuntun náà. Àwọn ará ìlú pariwo, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò tó oṣù mẹ́rin tó fi yí ọ̀rọ̀ padà tó ní dọ́là ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1966 ni dọ́là náà jáde. Holt ti di olórí ìjọba ní oṣù tó ṣáájú.

Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti 1901 ni ìwé òfin Ọsirélíà ti sọ pé bí wọ́n bá ń ka iye èèyàn orílẹ̀-èdè, wọn kò gbọdọ̀ ka àwọn onílẹ̀, àwọn tí òyìnbó bá níbẹ̀. Ẹ tún un kà. Onílẹ̀ wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọn kò kà á kún èèyàn. Iye èèyàn yìí kan náà sì ni wọ́n fi ń pín ìjókòó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílé aṣòfin. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ìlú láti dìbò lé lórí. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò. Wọ́n yọ ọ́.

Kò pé oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan ṣe. Ọjọ́ Àìkú ni, 17 oṣù Kejìlá 1967. Olórí ìjọba lọ wẹ̀ nínú òkun ní Cheviot Beach, nítòsí Portsea. Òkun ń ru lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà létí omi, wọ́n ń wò ó, àfi bí omi ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ ogun ojú omi wá a, hẹlikọ́pítà wá a, wọn kò rí òkú rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan ní ọkọ̀ abẹ́ omi ló wá gbé e, àwọn kan ní èyí, àwọn kan ní tọ̀hún. Ẹnu ọjà kò sá kò ní sùn. Ní 2005 ni ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú ní Victoria tó sọ pé ó rì sómi ni, ìjàǹbá ni. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Glen Iris nígbà tó kú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tí omi gbé lọ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibi ìwẹ̀! Àwa ò lè ṣe irú ẹ̀ níbí, àwọn ẹbí á bínú.

Ipò Higgins ṣófo. John Gorton, tí wọ́n yàn sípò olórí ìjọba ní January 1968, ilé aṣòfin àgbà ló wà, kò sì bójú mu kí olórí ìjọba wà níbẹ̀. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó wá dìbò ní Higgins ní 24 oṣù Kejì, ó wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ó ń ṣe olórí ìjọba, kò sì sí nínú ilé aṣòfin kankan. Báyìí ni agbègbè kan ṣoṣo ṣe fún orílẹ̀-èdè ní olórí ìjọba méjì. Ti Gorton náà kò dán títí. Ní 1971 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò lórí bóyá kó máa ṣe é lọ: 33 ní bẹ́ẹ̀ ni, 33 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní bí ó bá ti rí báyìí, òun ti lọ.

Roger Shipton tẹ̀lé e ní 1975, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Peter Costello gba ibẹ̀ ní 1990. Òun ni mínísítà fún ìṣúná láti 1996 sí 2007, kò sí ẹni tó pẹ́ tó o lórí àga yẹn. Òun ló mú owó-orí ọjà wọn wọlé ní oṣù Keje 2000, náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún ni tiwa ì bá pè é. Ẹgbẹ́ kékeré kan nílé aṣòfin àgbà ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i àfi bí wọ́n bá yọ oúnjẹ tútù kúrò. Wọ́n yọ ọ́: ẹran tútù, ẹ̀fọ́, èso, ẹyin, wàrà, búrẹ́dì. Ẹni tó bá se é tó gbóná kó tó tà á, ó ń san. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Prahran bọ́ nínú ìyẹn. Àwọn olóúnjẹ wa, ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí Costello kúrò ní 2009, obìnrin wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, Kelly O'Dwyer. Ó bímọ lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2015 tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, wọ́n ní kí ó máa fún ọyàn sílẹ̀ púpọ̀ sí i kí ó má baà pa ìdìbò jẹ nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìlú, ó di ariwo. Ní 2016 wọ́n yí òfin ilé padà, wọ́n ní ìyá tàbí bàbá lè gbé ọmọ ọwọ́ wọlé. Àwa tí a ti ń pọn ọmọ sẹ́yìn wọn ìrẹsì láti ayé Ìyá wa, a rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á. Lẹ́yìn O'Dwyer, Katie Allen wọlé ní 2019, dókítà ọmọdé. Lẹ́yìn rẹ̀, Michelle Ananda-Rajah ní 2022, dókítà lòun náà, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Tamil láti Sri Lanka. Ẹgbẹ́ Labor ni tirẹ̀. Gbogbo ìbò tí wọ́n ti ń dì ní Higgins láti 1949, Liberal ló ń wọlé, bàbá ń fún ọmọ. Ọdún 2022 ni Labor kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe pa á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún kan tí obìnrin yìí gba Higgins ni.

Lọ́hùn-ún, bí ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ̀ọ̀kan bá ti pé ọdún kan ni wọ́n máa ń ka iye èèyàn. Wọ́n á kó iye àwọn èèyàn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wọ́n á pín in sọ́nà 144, èyí tó jáde ni iye èèyàn tó yẹ kó ní aṣojú kan. Ìpínlẹ̀ tó bá pọ̀ sí i á gbà sí i, èyí tí kò pọ̀ tó àwọn yòókù á dá padà. Ní oṣù Keje 2023 wọ́n kà á: Western Australia gba ọ̀kan kún 15 tó ní, New South Wales àti Victoria pàdánù ọ̀kan ọ̀kan. Victoria ní 39 tẹ́lẹ̀, ó di 38. Ìyẹn ni pé agbègbè kan gbọ́dọ̀ lọ.

Ta ló máa mú ọ̀bẹ? Ibi tó yà wá lẹ́nu nìyí. Ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò ni, àṣojú àjọ náà ní ìpínlẹ̀, ọ̀gá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀, àti ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò. Kò sí olóṣèlú níbẹ̀. Láti àtúnṣe 1983, ilé aṣòfin kò lè yí ohun tí wọ́n bá fà padà. Agbègbè kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ìpíndọ́gba ìpínlẹ̀ náà lọ tàbí kéré sí i. Ó tún gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ro iye tí yóò jẹ́ ní ọdún bíi mẹ́ta sí i. Kí wọ́n tó fa ìlà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí wọn pé báyìí ni mo fẹ́. Wọ́n á lẹ ìwé rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Ẹlòmíràn á kọ̀wé takò ó. Bí wọ́n bá gbé ìlà wọn jáde, àyè tún wà láti takò wọ́n, kí wọ́n jókòó gbọ́ ọ.

Èsì jáde ní ìparí oṣù Karùn-ún 2024: Higgins ni yóò lọ. Àwọn àdúgbò àtijọ́ ìhà ibẹ̀ kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ mọ́, ilé tuntun ń dìde lẹ́yìn ìlú jìnnà. Ìwé wọlé láti takò ó. Àwọn kan ní àwọn ti bá ara wọn gbé pẹ́, kí wọ́n má tú àwọn ká. Ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n ní ó ti parí. Toorak, Armadale àti Malvern lọ sí Kooyong. South Yarra lọ sí Melbourne, ó ré odò kọjá. Glen Iris lọ sí Chisholm, Carnegie àti Murrumbeena lọ sí Hotham. Ní New South Wales, North Sydney ni wọ́n pa rẹ́, èyí tó ti wà láti 1901. Obìnrin náà ló wà lórí ìyẹn, Kylea Tink. Obìnrin méjì, àga méjì. A kò lè fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ìṣirò ni wọ́n ní àwọn ṣe, ìṣirò náà sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ìdìbò 3 oṣù Karùn-ún 2025 dé, Higgins kò sí nínú ìwé ìbò mọ́. Ananda-Rajah wọ ilé aṣòfin àgbà. Katie Allen lọ gbìyànjú ní Chisholm, kò rí i mú. Ní Melbourne tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi South Yarra kún, olórí ẹgbẹ́ Greens, Adam Bandt, tó ti wà lórí àga láti 2010, já bọ́. Àwọn ará àdúgbò dìbò wọn, dandan ni lọ́hùn-ún, ẹni tí kò bá lọ á san owó ìtanràn. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé a máa yan sọ́séèjì tà níwájú ibi ìdìbò, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ilé ìwé ṣe. Ẹ̀yin ẹlẹ́ran sísun, a kàn ní ká sọ ọ́ ni.

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù: Holt àti Gorton, àwọn méjì tó ti Higgins di olórí ìjọba, agbègbè ìdìbò wà lórúkọ àwọn méjèèjì, Holt láti 1969, Gorton láti 2004. Ẹ̀yìn ìlú Melbourne ni méjèèjì wà, níbi tí àwọn ìdílé tuntun ń kó lọ. Orúkọ àwọn ọmọ wà, ilé tí wọ́n ti jáde ti wó.

Nílé wa níbí, ìwé òfin 1999 fún wa ní agbègbè ìdìbò 360 fún ilé aṣojú-ṣòfin, ó sì fún àjọ elétò ìdìbò láṣẹ láti tún àwọn ìlà náà wò, ó kéré tán kí ọdún mẹ́wàá máa wà láàárín. Ìlà 1996 ni a ṣì ń tẹ̀lé. Ìkànìyàn tí a kà kẹ́yìn, 2006 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fa ìlà yẹn ti ń gbé ọmọ tirẹ̀ wá sọ́jà báyìí. Bí wọ́n bá wá dìde láti fa òmíràn, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde ni yóò yẹ kí ìwé tiwa ti wà nílẹ̀, kó máà jẹ́ pé orí ìsọ̀ la ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu agbowó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìdí rèé tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀: ibi tí ọjà wa bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí, iye ìsọ̀ tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí gọ́tà gbà. Ẹni tó bá ṣì ní rìsíìtì tíkẹ́ẹ̀tì méjì ti ọjọ́ kan náà lọ́wọ́, kó mú un wá. Ẹni tó bá rántí ibi tí òpó ìlà wà kí wọ́n tó kọ́ ìsọ̀ ẹlẹ́ja lé e, kó wá rí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ìdí igi odán la ó wà, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.